Ilẹ̀ yangí, ọmọ 24, táàmù ọ̀sẹ̀ 12: kí la lè gbìn pẹ̀lú àwọn ọmọ KG?

Àǹtí KG2 (Ìlọrin)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tó wà níbí. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ilé-ìwé wa wà ní apá Tánkẹ́. Ọmọ 24 ló wà lọ́wọ́ mi, láti ọmọ ọdún 4 sí ọdún 6. Wọ́n fún wa ní ilẹ̀ kékeré lẹ́yìn kíláàsì, mítà 4 ní ìbú, mítà 6 ní gígùn. Ilẹ̀ pupa oníyangí ni. Bí òjò bá rọ̀ tán tí oòrùn sì ràn, ojú rẹ̀ á dì gbagidi bíi símẹ́ńtì. Omi kò níṣòro, a ní bóhòlù.

Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú la gbìn. Tẹ̀tẹ̀ hù ní igun kan, ó ṣù jọ bí irun orí, ibi tó kù sì ṣófo. Ewédú tó hù kò ju 5 lọ. Èyí tó hù náà, ewúrẹ́ fi ṣe oúnjẹ. Kí ló fà á? Ọ̀gá wa ní ká gbin àgbàdo ní táàmù kẹta yìí torí pé àwọn òbí á rí i láti géètì. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Èyí tó ká mi lára jù ni pé, kí ni ọmọ ọdún 5 lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kó má jẹ́ pé àwa la ó máa ṣiṣẹ́ tí wọ́n á máa wòran? Mo sì fẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀kọ́ tó ju "èyí ni ewé, èyí ni gbòǹgbò" lọ níbẹ̀.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Odò Àsà

Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má kó gbogbo ẹ̀bi lé ilẹ̀ lórí, ohun tó ṣe ewédú yín kọ́ ló ṣe tẹ̀tẹ̀.

Ewédú ní èèpo líle tí omi kì í tètè wọ̀. Ẹni tó bá fọ́n ọn látinú ọ̀rá sórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù. Ẹ di kóró náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́. Ẹ gbé omi kaná kó hó, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ri aṣọ náà bọ inú rẹ̀, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ fà á yọ, kí ẹ sì rì í sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí páálí níbi òjìji kó gbẹ. Bó bá pẹ́ jù nínú omi gbígbóná, ẹ ti sè é nìyẹn. Àgbà ni kó ṣe èyí, kí àwọn ọmọ jìnnà síná. Ṣùgbọ́n ẹ fi kóró díẹ̀ sílẹ̀ láìrì í bọ omi gbígbóná. Ẹ gbin méjèèjì ní ìlà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òwú pupa lára igi ìlà kan, òwú funfun lára ìkejì. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà á fi ọwọ́ tọ́ka sí ìyàtọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ti tẹ̀tẹ̀, ọwọ́ ló fà á. Kóró rẹ̀ kéré púpọ̀, ọmọ á bu ẹ̀kúnwọ́, á dà á síbi tó dúró sí. Ẹ fi síbí kékeré kan kóró po síbí mẹ́wàá yanrìn gbígbẹ. Ẹ wá yanrìn tó funfun, kó lè hàn lórí ilẹ̀ pupa yín, kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí ibi tó ti fọ́n ọn dé àti ibi tó kù. Ìka mẹ́ta ni kó fi máa bù ú, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹ má sì fi ilẹ̀ pupa yẹn bò ó mọ́lẹ̀. Òjò á lù ú, á dì, èéhù tín-ín-rín yẹn kò ní lágbára láti la á kọjá. Ajílẹ̀ tó ti jẹrà tán, tí a fi asẹ́ jọ̀, ni kí ẹ fi bò ó, kó má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ lé e lórí kí òjò má baà gbá a lọ, kí ẹ sì ká koríko náà kúrò ní kété tí ẹ bá rí i tó ń yọjú, tó bá di ọjọ́ 3 sí 5.

Bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ojú ilẹ̀ tí a là sọ́tọ̀ fún ẹ̀fọ́: mo fura pé ìwọ̀n tàgbà lẹ ṣe. Bẹ́ẹ̀dì tàwa ẹlẹ́fọ̀ọ́ máa ń fẹ̀ ju mítà kan lọ, apá ọmọ ọdún 4 kò lè dé àárín rẹ̀, orí ẹ̀fọ́ ló máa gùn. Ẹ ṣe é ní sẹ̀ǹtímítà 60 ní ìbú, mítà 3 ní gígùn. Ẹ jẹ́ kó dá ìbú ilẹ̀ yín, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 60 sílẹ̀ fún ọ̀nà ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin á wọlé síbẹ̀ dáadáa. Ẹ wá ẹni tó ní digá kó gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, àwọn ọmọ ni kó ṣa òkúta. (Ẹ ní kí wọ́n kó òkúta náà jọ ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Iṣẹ́ ni, ìṣirò náà sì ni.) Bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan á gba rọ́bà pẹ́ńtì lítà 4 kan ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà tán, tàbí rọ́bà mẹ́rin ti ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà. Tútù rẹ̀ kò ṣeé lò rárá. Ó máa ń gbóná, á jó ẹ̀fọ́ kékeré láti gbòǹgbò, ẹ ó kàn rí etí ewé tó pọ́n tó sì ká kò. Èyí tó bá ti jẹrà tán kì í rùn, bí ẹ bá sì ti ọwọ́ bọ àárín òkìtì rẹ̀, kò ní gbóná. Ní àsìkò òjò yìí, kí bẹ́ẹ̀dì ga tó sẹ̀ǹtímítà 15. Bó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ yí i padà: kí ó rẹlẹ̀ ju ọ̀nà ẹsẹ̀ lọ, kí omi lè dúró sínú rẹ̀.

Ewúrẹ́ kò ní oògùn ju ọgbà lọ. Ọparun tàbí nẹ́ẹ̀tì tó ga tó mítà kan lé díẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan ilẹ̀ kí adìyẹ má baà gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

Olùkọ́ Òmù-Àrán

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti sọ ti ilẹ̀ tán. Kàlẹ́ńdà ni tèmi, torí ibẹ̀ ni ọgbà ilé-ìwé púpọ̀ ń kú sí. Òjò tiwa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ó ń dáwọ́ dúró ní oṣù kẹwàá. Táàmù kẹta ló bá a mu jù. Ohun tí ẹ bá fẹ́ gbìn, ẹ ka ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ra kóró.

Tẹ̀tẹ̀ máa ń tó tu ní bí ọ̀sẹ̀ 4, ẹ lè gbìn ín lẹ́ẹ̀mejì nínú táàmù kan. Ewédú, ọ̀sẹ̀ 5 sí 6. Ilá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í so ní bí ọ̀sẹ̀ 8. Ẹ̀pà máa ń gbà tó oṣù 3 ó lé. Kódà bí ẹ bá gbìn ín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdánwò àti ayẹyẹ ìparí ọdún á bá a nínú ilẹ̀. Ti àgbàdo tí ọ̀gá yín ń fẹ́, bí oṣù 3 náà ni, ó sì máa ń ṣíji bo ohun gbogbo tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá ṣeé kọ̀, ẹ gbin ìdí 9 sí igun kan, mẹ́ta mẹ́ta ní ìlà mẹ́ta. Ẹ má tò ó ní ìlà kan gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìyẹ̀fun orí rẹ̀ lọ sára irun ọmọ àgbàdo, irun kọ̀ọ̀kan ló sì ní kóró tirẹ̀. Irun tí ìyẹ̀fun kò bá bà lé, àyè kóró rẹ̀ á ṣófo. Ìdí nìyẹn tí àgbàdo ìlà kan fi máa ń ya eyín.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń yan, tẹ̀tẹ̀ àti ilá ni mo máa mú ṣíwájú. Tẹ̀tẹ̀ fún ọmọ tí kò ní sùúrù, ilá fún ẹ̀kọ́ tó gùn. Ẹ rẹ kóró ilá sómi mọ́jú, kóró méjì sí ihò kan, kí ihò náà jìn dé oríkèé àkọ́kọ́ ìka ọmọ ọdún 5, ìyẹn á tó sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ fi àmì sára ìka náà, torí ọmọ a máa ti gbogbo ìka bọ̀ ọ́, kóró tó bá sì jìn jù á jẹrà sísàlẹ̀. Okùn ni kí ẹ fi wọn àlàfo: ẹ ta kókó sí i ní sẹ̀ǹtímítà 30, 30, ẹ nà án sórí bẹ́ẹ̀dì, ihò kan níwájú kókó kan. Ọmọ tó ń ka kókó ń ka iye ilá.

Ẹ wá wo òdòdó rẹ̀ nígbà tó bá yọ. Ó pọ́n bí ẹyin adìyẹ tí a fọ́, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún sì dúdú bí àlùkò. Òwúrọ̀ ló ń là, kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà ó ti ká. Ẹ ní kí ọmọ so òwú mọ́ ọrùn òdòdó tó bá là ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ẹtì, ilá tó ṣeé ká ti wà níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i kí wọ́n gbìyànjú láti ṣẹ́ imú rẹ̀: tó bá ṣẹ́ pọ́ọ́kú, ó ṣì dára, tó bá tẹ̀ tí kò ṣẹ́, ó ti kó. Gbogbo ìyá tó ń ra ilá lọ́jà ló mọ ìdánwò yìí, ó dáa kí ọmọ náà mọ̀ ọ́n.

Fún ọmọ tí kò tíì mọ lílo rúlà: ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ẹ na òwú láti ilẹ̀ dé orí ilá kan náà, ẹ gé e, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdìbọ́ọ̀dù lára ògiri, ti ọ̀sẹ̀ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, àkàbà ni wọ́n á rí tó ń gòkè. Ọ̀sẹ̀ tí òwú kò gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n máa ń rántí.

Inú kíláàsì náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ kò tíì mú nǹkan kan jáde. Ẹ mú ife rọ́bà mẹ́ta tó mọ́ gaara, ẹ ki tíṣù sínú wọn, ẹ ti ẹ̀wà mẹ́ta sí àárín tíṣù àti ara ife. Ọ̀kan lójú fèrèsé pẹ̀lú omi, ọ̀kan lójú fèrèsé láìlómi, ọ̀kan pẹ̀lú omi nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn. Kí tíṣù rin ni o, kó má lúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀wà tó bá wà nínú omi á rùn ní ọjọ́ 3. Nígbà tí ẹ bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, gbogbo wọn á pariwo pé ti inú òkùnkùn ló borí torí pé ó ga jù. Ẹ má tètè dá wọn lẹ́kun. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ojú fèrèsé kí wọ́n wò ó pẹ́: ó ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó funfun, ọrùn rẹ̀ kò lè gbé orí rẹ̀. Ẹ fi kóró àgbàdo sínú ife kẹrin. Ẹ̀wà máa ń gbé kóró rẹ̀ jáde sórí, àgbàdo máa ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà

Olùkọ́ wa, ẹ ṣeun. Ohun kan ni ẹ kò tíì fẹnu bà: ta ló ni bẹ́ẹ̀dì? Bí gbogbo ọmọ 24 bá ni gbogbo rẹ̀, ọmọ mẹ́fà tó lágbára ni yóò ṣe é, àwọn yòókù á máa tì ara wọn.

KG (kindergarten) tí ẹ kọ sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì yín, "ọgbà àwọn ọmọ" ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Jámánì. Friedrich Fröbel, olùkọ́ kan ní Jámánì, ló dá irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Blankenburg níbẹ̀ ní 1837, ó sì fún un lórúkọ yìí ní 1840. Ọgbà gidi wà níbẹ̀: ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ kékeré tirẹ̀, gbogbo wọn sì jọ ní ìyókù. Mo gbà pé ó tọ̀nà. Bẹ́ẹ̀dì oní sẹ̀ǹtímítà 60 sí mítà 3 á pín sí ojú ilẹ̀ onígun mẹ́rin 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìbú àti gígùn. Bẹ́ẹ̀dì méjì á tó àwọn ọmọ yín, á sì kù. Ojú ilẹ̀ kan lè gba ilá kan, tàbí ewédú 4, tàbí tẹ̀tẹ̀ 9. Orúkọ ọmọ lórí igi pẹlẹbẹ, tàbí àwòrán ẹran kan fún ẹni tí kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ kà. Bẹ́ẹ̀dì méjì tó kù ni ti gbogbo ilé.

Tọmọ kan á kú, kò sí àní-àní. Ẹ ti gbin ilá bíi 6 sínú ọ̀rá píọ̀-wọ́tà (ẹ gé igun ìsàlẹ̀ méjèèjì kí omi lè jáde), kí ẹ lè ní èyí tí ẹ ó fi dípò. Ẹ má kàn lọ pààrọ̀ rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ lẹ́yìn ìparí ilé-ìwé o. Ẹ jẹ́ kí ọmọ hú òkú rẹ̀, kó wo gbòǹgbò rẹ̀. Bó bá rọ̀ tó sì rùn, omi pọ̀ jù. Bó bá ní kókó kókó, kòkòrò inú ilẹ̀ ni. Ẹ má gbin ilá tàbí ewédú síbẹ̀ mọ́ ní táàmù tó ń bọ̀.

Omi tó pọ̀ jù sì ni àìsàn ọgbà ọmọdé. Kíláàsì mẹ́ta á bọ́ síta, ẹnì kọ̀ọ̀kan á da tirẹ̀. Ike omi sẹ̀ǹtílítà 50 kan fún ọmọ kan, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò 6 sí ìdérí rẹ̀, kò ní wúwo, kò sì ní wú ilẹ̀. Ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, bẹ́ẹ̀dì kan fẹ́ tó lítà 9, ìyẹn ike 18. Kí ọmọ tó bomi, kó ti ìka bọ ilẹ̀. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀, kó gbé ike rẹ̀ padà.

Ẹ pín wọn ní mẹ́fà mẹ́fà, ìṣẹ́jú 20, kí oòrùn tó mú. Ọmọ ọdún 4 lè ṣa òkúta, lè fọ́n kóró, lè bomi rin, lè tu èpò tí ẹ bá ti fi hàn án. Ọmọ ọdún 6 lè lo ọkọ́ ọlọ́wọ́ kékeré. Àdá àti digá, rárá. Ohun mìíràn tó máa ń bà á jẹ́: ẹ bẹ àwọn tíṣà yòókù kí wọ́n má máa rán ọmọ tó pẹ́ dé lọ ro ibẹ̀. Ibi tí a ti ń jẹ ẹnìkan níyà, ta ni yóò tún fẹ́ràn rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́

Díẹ̀ ni tèmi. Kóró tí ẹ bá rà ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míkà tó bá ní àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé tàbí búlúù, oògùn ni wọ́n fi kùn ún. Ẹ má fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ bọ́ kóró láti inú ilá tó gbẹ lórí igi, tàbí kí ẹ béèrè fún èyí tí a kò fi oògùn sí.

Ẹ má gbin làpálàpá yí ọgbà náà ká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Èso rẹ̀ jọ nǹkan jíjẹ lójú ọmọ, májèlé sì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni lárà. Kí ọgbà jìnnà sí sókáwéè àti ibi tí wọ́n ti ń sun pàǹtí. Bàtà lẹ́sẹ̀, ọṣẹ àti omi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, kí wọ́n fọ ọwọ́ kí àpò oúnjẹ tó ṣí.

Àǹtí KG2 (Ìlọrin)

Háà, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín hàn ọ̀gá wa, ó ti gbà kí àgbàdo wà ní igun. Ìbéèrè kù: lára ilá tó wà lẹ́nu géètì aládùúgbò wa, ewé rẹ̀ lu jára bí asẹ́, ẹ̀rù ń bà mí kó má ran tiwa. Èkejì, ta ni yóò bomi rin ín ní Sátidé àti Sọ́ńdè? Àti họlidé gígùn ńkọ́?

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Odò Àsà

Ihò wẹ́wẹ́ bíi pé abẹ́rẹ́ ló gún un, àbí? Kòkòrò dúdú kékeré kan ni, bí ẹ bá fọwọ́ kan ewé á ta sókè, ẹ ò ní rí i mọ́. Ìgbà tí ilá ṣì ní ewé 2 sí 4 ló lè pa á. Bó bá ti dàgbà, á jẹ ẹ́ lásán ni, á ṣì so. Ẹ gún kílò kan ewé dóńgóyárò tútù, ẹ rẹ ẹ́ sínú lítà 5 omi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ ti lọ sílé ni kí àgbà fín in, abẹ́ ewé náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá fín in ní ọ̀sán, oòrùn á ti ba agbára rẹ̀ jẹ́. Tata ní tirẹ̀, àwọn ọmọ á mú un fún yín láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ wọ́n.

Ti Sátidé àti Sọ́ńdè: ní àsìkò òjò, ẹ bomi rin ín dáadáa ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kí koríko gbígbẹ tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 5 wà nílẹ̀, kó má kan ìdí igi. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lu ihò kan ṣoṣo sí ìdérí ike lítà kan àtààbọ̀, ẹ gé ìdí rẹ̀, ẹ rì í ní ìdojúdé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilá. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò láàárín ọ̀sẹ̀. Bí omi bá tán kó tó di ọjọ́ kejì, ihò yín tóbi jù.

Ọmọ Ọ̀fà

Họlidé? Ànàmọ́ ni o, kí ni ẹ fẹ́ kí ọmọ Ọ̀fà sọ! Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, nígbà tí ẹ bá ti tu tẹ̀tẹ̀ kejì, ẹ sọ bẹ́ẹ̀dì méjì ti gbogbo ilé di ebè. Ẹ gé ìtàkùn láti orí, sẹ̀ǹtímítà 30 gùn, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ dá a dùbúlẹ̀ díẹ̀, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ wọ ilẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 30 sí ara wọn. Orí ni kó kọjú sókè. Ọmọ a máa gbìn ín ní ìdojúdé, ẹ fi òwú sí orí rẹ̀ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ ro ó lẹ́ẹ̀kan kí ilé-ìwé tó tì, ìtàkùn á bo ilẹ̀ fúnra rẹ̀, èpò kò ní rí àyè. Ewúrẹ́ náà mọ adùn ewé rẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn ọgbà.

Oṣù 3 ààbọ̀ sí 4 ló ń gbà. Bí ẹ bá wọlé padà ní oṣù kẹsàn-án, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tíì wú u. Ẹ kó wọn lọ wo orí ebè, kí wọ́n wá ibi tí ilẹ̀ ti ń sán, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ki igi sí èyí tó bá rí. Ní ìparí oṣù kẹwàá, ìdí igi yẹn ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa á, ọwọ́ ni kó fi wa á, kó má fi ọkọ́ há a.